Windows XP àti Windows 7 lórí ThinkPad T420 kan: ẹ pín hard disk ni, àbí ẹ ra èkejì?

Kásẹ́ẹ̀tì MiniDV àti VHS ṣì kún ilé ọ̀pọ̀ ìdílé wa: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìsìnkú bàbá àgbà. Iṣẹ́ mi ni láti sọ wọ́n di fáìlì, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń lo Windows XP títí di òní. Káàdì tí mo fi ń gba VHS wọlé kò ní driver (ètò tó ń jẹ́ kí Windows bá ohun èlò ṣiṣẹ́) mìíràn yàtọ̀ sí ti XP. Ṣùgbọ́n XP 32-bit kò lè lo RAM tó ju 4 GB lọ, nítorí náà Windows 7 64-bit ni mo fi ń ṣe ẹ́díìtì. Orí laptop kan náà ni mo sì fẹ́ kí méjèèjì wà, torí pé ilé oníbàárà ni mo sábà máa ń lọ ṣiṣẹ́. Àwọn màmá kan kì í jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó wọn jáde nílé, wọn ò sì jẹ̀bi.

ThinkPad T420, tó jáde lọ́dún 2011, ni mo ń lò. Lenovo fúnra wọn gbé driver XP àti ti 7 jáde fún un. Ohun tí àwọn tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ rẹ̀ máa ń bi mí ni pé, ṣé kí àwọn pín hard disk kan sí méjì, kí XP àti 7 jọ máa gbé ibẹ̀, àbí kí àwọn ra disk kejì, kí àwọn fi caddy (férémù tí disk ń wọ̀) kì í bọ Ultrabay, ihò tí DVD ń gbé? Mo ti lo ọ̀nà méjèèjì.

Ní ti owó, pínpín kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ní ti DVD, ẹni tó pín disk ṣì ní tirẹ̀, ẹni tó lo caddy ti yọ ọ́ síta. Ní ti ìwúwo, ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Ní ti ìrọ̀rùn, ẹni tó pín disk yóò kàn mú èyí tó bá fẹ́ lójú mẹ́nù nígbà tó bá ń tan ẹ̀rọ.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ́rọ̀ parí sí, pínpín ló jàre. Àmọ́ ohun tó jẹ mí lówó tó sì jẹ mí níyà kò sí nínú gbogbo ìyẹn. Ohun tí XP máa ń ṣe sí Windows 7 tí wọ́n bá jọ wà lórí disk kan ni.

Ọdún 2001 ni XP jáde, 2009 ni 7 jáde, XP kò sì mọ nǹkan kan nípa èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá fi 7 sí disk ṣáájú, tí ẹ wá fi XP tẹ̀ lé e, XP yóò kọ ohun tó fi ń bẹ̀rẹ̀ lé ti 7 lórí. ntldr ni XP fi ń bẹ̀rẹ̀, bootmgr ni ti 7, ntldr kò sì mọ bootmgr rí. Ẹ ó tan ẹ̀rọ, XP nìkan ni yóò yọjú. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n ní Windows 7 mi ti bàjẹ́, pé àfi kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí n sì san owó iṣẹ́ mìíràn. Irọ́ ni. Gbogbo fáìlì rẹ̀ pé síbẹ̀. Inú DVD Windows 7 ni àṣẹ bootrec /fixmbr àti bootrec /fixboot wà tó ń dá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà, lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi ètò EasyBCD fi XP sínú mẹ́nù. Ẹni tó bá fi XP ṣáájú, tó fi 7 ṣìkejì, kò ní rí wàhálà yìí rárá, torí 7 á rí XP, á sì fi í sínú mẹ́nù fúnra rẹ̀.

Ìyẹn ṣì ṣe é tún ṣe. Ti restore point, ohun tí Windows 7 ń tọ́jú kó lè padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ni kò ṣe é tún ṣe. Gbàrà tí XP bá tàn tó sì rí apá disk tí Windows 7 wà, volsnap.sys, driver tirẹ̀ tó ń bójú tó irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kò mọ ọ̀nà tí 7 gbà tọ́jú restore point, yóò sì pa gbogbo wọn rẹ́, pẹ̀lú Previous Versions (ẹ̀dà àtijọ́) fáìlì yín. Kò ní béèrè. Kò ní kọ ohunkóhun sójú. Driver kan da Windows 7 mi rú nígbà tí fídíò ìsìnkú kan wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣí System Restore, kò sí ohun kan níbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni mo ti tún Windows fi, àti gbogbo ohun tí mo fi ń ṣe ẹ́díìtì, bẹ́ẹ̀ ni ìdílé náà ń pè mí ṣáá, tí n kò sì rí ohun gidi kan sọ fún wọn.

Hibernate, kí ẹ̀rọ kọ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sórí disk kó tó kú, tún wà níbẹ̀. Níbi tí iná ti ń lọ bó ṣe wù ú, bátìrì á rẹlẹ̀ débi tí 7 á fi hibernate fúnra rẹ̀. Tí XP bá lọ kọ nǹkan sí apá 7 nígbà yẹn, bí 7 bá jí, ohun tó rántí kò ní bá ohun tó wà lórí disk mu mọ́, fáìlì á sì bàjẹ́.

Ẹni tó bá pín disk lè dáàbò bo ara rẹ̀, Microsoft ló kọ́ wa. Nínú registry XP (ibi tó ń kọ ètò rẹ̀ sí), ní HKEY_LOCAL_MACHINE\SYSTEM\MountedDevices, ẹ dá key kan tó ń jẹ́ Offline sílẹ̀, kí ẹ fi DWORD (irú iye tó jẹ́ nọ́ńbà) tó ń jẹ́ \DosDevices\D: sínú rẹ̀, kí iye rẹ̀ jẹ́ 1. Lẹ́tà tí XP ń pe apá 7 ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò D. XP kò ní rí apá yẹn mọ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá tún XP fi, key náà ti lọ, títan ẹ̀ẹ̀kan péré sì ti tó láti pa gbogbo restore point rẹ́.

Ní ti disk méjì, ọwọ́ yín lẹ ó fi yọ 7 kúrò níwájú XP. Ẹ kíyè sí i, ọ̀pọ̀ ló ń tò ó sódì: wọ́n á fi 7 sínú lọ́hùn-ún, wọ́n á fi XP sínú caddy. Tí XP bá ti inú caddy tàn, 7 ṣì wà níwájú rẹ̀, ìparẹ́ kan náà ni. XP ni kó wà nínú, 7 ni kó wà nínú caddy. Ẹ wọ BIOS (ibi tí ẹ ti ń ṣètò ẹ̀rọ kí Windows tó tàn) pẹ̀lú F1, kí ẹ fi disk Ultrabay ṣe àkọ́kọ́ nínú ètò ìbẹ̀rẹ̀. Tí caddy bá wà nínú, 7 ni yóò tàn, tí kò bá sí, XP ni. Ẹ rí i pé ẹ pa ẹ̀rọ tán kẹ́ ẹ tó fà á yọ.

Ètò yìí bá iṣẹ́ mi mu gan-an. Mo ń fi XP gba kásẹ́ẹ̀tì wọlé láìsí caddy, lẹ́yìn náà ni mo ń ti caddy wọlé, tí 7 á sì ka fáìlì náà láti orí disk XP láìpa á lára. Wákàtí kan DV tó nǹkan bíi 13 GB, nítorí náà hard disk ńlá lásán ni kẹ́ ẹ rà fún XP. Ẹ fi SSD fún 7, torí XP kò mọ TRIM, àṣẹ tó ń sọ fún SSD ibi tí fáìlì ti kúrò.

Ibi tí DVD wà ni ìṣòro tí mo gbà pé caddy ní, nígbà tí ẹ bá ń fi Windows sí i. Ojútùú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi disk kọ̀ọ̀kan síbi ti inú, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, kí ẹ fi Windows tirẹ̀ sí i látinú DVD, kí ẹ tó gbé ti 7 lọ sínú caddy. CD XP kò ní driver AHCI (ọ̀nà tí ẹ̀rọ gbà ń bá disk sọ̀rọ̀), blue screen 0x0000007B lẹ ó rí. Ẹ fi ètò nLite ki driver Intel bọ inú rẹ̀, ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn.

Tó bá jẹ́ ètò ìṣirò owó àtijọ́ tàbí scanner USB nìkan ni ẹ fẹ́ XP fún, XP Mode, ìyẹn XP tó ń ṣiṣẹ́ nínú Windows 7, tó wà fún Windows 7 Professional tó yín, kò sì gba owó. FireWire (ihò tí kámẹ́rà MiniDV ń gbà) àti ExpressCard (ihò káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ laptop) kò lè wọ inú rẹ̀ ni kò fi wúlò fún mi. Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, Microsoft ti pa XP tì láti 8 April 2014, 7 láti 14 January 2020. Ẹ má fi XP wọ íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ẹ má sì fi 7 ṣe ohun tó kan báńkì.

Ẹni tó ń lo XP lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó mọ registry, tí kò sì sí ẹlòmíì tó ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ̀, lè pín disk. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ jẹun, caddy ni kó rà. T420 ń gba caddy 12.7 mm, T420s ń gba 9.5 mm, wọn ò ṣe é pààrọ̀. X220 kò ní Ultrabay lára. Bí ẹ bá ń ra laptop náà ní Computer Village, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ihò FireWire wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Tó bá kan caddy, ẹ ti disk bọ̀ ọ́, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ tẹ F12. Tí orúkọ disk náà kò bá jáde nínú mẹ́nù, ẹ dá a padà fún wọn lójú ẹsẹ̀.