Sigil: bí mo ṣe fi ohùn màmá tó ń hun ẹní sínú ìwé

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń tẹ̀wé fún àwọn èèyàn l'Adó-Èkìtì. Ìwé ètò ìsìnkú, ìtàn ìdílé, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí èyí tí kò tíì gba ọwọ́ mi kọjá. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gbé wá bá mi lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, mi ò ṣe irú ẹ̀ rí. Màmá kan wà ní Ògòtún-Èkìtì tó ti ń hun ẹní láti kékeré. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ìwé tí yóò ní ìtàn ayé rẹ̀, àwòrán ọwọ́ rẹ̀ lórí iṣẹ́, àti orin méjìlá tó máa ń kọ bó bá jókòó ti ẹní. Wọn ò ní kí n kàn kọ ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀ o. Ohùn màmá gan-an ni wọ́n fẹ́ kó máa dún nínú ìwé náà, torí ọmọ kan wà ní Kánádà, òmíràn wà l'Ékòó, àwọn ọmọ-ọmọ sì pọ̀ tí wọn ò tíì bá màmá jókòó nídìí iṣẹ́ rí.

Sigil, ètò orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń ṣe ìwé, ni mo fi ṣe é, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí lọ́wọ́ mi fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ tèmi.

Ọ̀fẹ́ ni. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, lórí Mac àti lórí Linux. Strahinja Marković ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2009, àwọn mìíràn sì ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń tún un ṣe títí di òní. Bí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà yín tán, ẹ ò nílò dátà láti fi ṣiṣẹ́. Èyí nìkan ti tó fún mi láti dúpẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ alẹ́ ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí nígbà tí iná bá dé láàárín òru.

Iṣẹ́ tí Sigil mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ó ń ṣe ìwé EPUB, irú ìwé tí èèyàn ń kà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà. EPUB yìí, bí ẹ bá tú u palẹ̀, ẹ ó rí i pé ó dà bí ẹrù ìyàwó tí àgbà obìnrin tò sínú àpótí. Ọ̀rọ̀ wà lápá kan, àwòrán wà lápá kan, ohùn wà lápá kan, fóńtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà, náà ní àyè tirẹ̀, ìwé kékeré kan sì wà níbẹ̀ tó ka gbogbo ẹrù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Sigil to gbogbo rẹ̀ sí ọwọ́ òsì yín bí ẹ bá ti ṣí ìwé. Ohun gbogbo ló ní orúkọ àti ipò.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ orúkọ àti ipò yìí fi wọ̀ mí lára ni pé ó ti jẹ mí níyà rí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo tẹ ìwé ìtàn ìlú kan. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni mo ṣe é: bí mo bá fẹ́ àkọlé, mo á sọ lẹ́tà di ńlá, mo á mú un dúdú, bí mo bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wà láàárín, mo á máa tẹ bọ́tìnnì àlàfo títí tí yóò fi dé ibi tí ojú mi fẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà mi, ó rẹwà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́ jáde, àkọlé kan bọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, èyí tó tẹ̀lé e lọ dá wà lójú ìwé tirẹ̀, gbogbo ẹ̀ àti ọ̀ tó ní àmì ohùn lórí sì di àpótí kékeré òfìfo. Orúkọ baba ńlá àwọn èèyàn di àpótí. Àpò ara mi ni mo ti san owó àtúntẹ̀, mi ò sì gbàgbé ojú tí bàbá tó gbé iṣẹ́ náà wá fi wò mí.

Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó tóbi tó sì dúdú ni àkọlé. Àfi kí èèyàn sọ fún un. Nínú Sigil, ẹ ó sọ pé h1 nìyí, ìyẹn orí ìwé. H2 nìyí, ìyẹn ìsọ̀rí abẹ́ rẹ̀. Èyí jẹ́ ìpínrọ̀, èyí jẹ́ àwòrán pẹ̀lú àlàyé rẹ̀. Bó ṣe máa rí lójú, bóyá yóò tóbi ni o, bóyá yóò ní àwọ̀ ni o, inú fáìlì mìíràn tí wọ́n ń pè ní CSS lẹ ó ti sọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí àkọ́bí màmá ní àwọn àkọlé ti tóbi jù, ìlà kan ni mo yí padà, gbogbo orí mọ́kàndínlógún ló sì gbà á. Àtẹ orí ìwé tó máa ń wà níwájú, tí mo máa ń fi ọwọ́ tẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ sì máa ń ṣì, Sigil fúnra rẹ̀ ló kó o jọ láti inú àwọn h1 àti h2 yẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àmì. Mo wá ọ̀rọ̀ náà “ẹní” nínú ìwé, ìwé tó jẹ́ pé ẹní ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, mẹ́sàn-án péré ni kọ̀ǹpútà rí. Mo wò ó títí kó tó yé mi. Ọmọ màmá tó tẹ ìdajì ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ẹ tirẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ ti wà lára rẹ̀. Èyí tí èmi tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, e ni, tí wọ́n wá fi àmì sí abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Lójú, ìbejì ni wọ́n. Fún kọ̀ǹpútà, wọn ò jọ ara wọn rárá. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú Sigil nìyí: ó lè wá nǹkan, kó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, nínú gbogbo fáìlì ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sọ gbogbo ẹ di oríṣi kan, lẹ́yìn náà ọ, lẹ́yìn náà ṣ. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi fóńtì Charis SIL sínú ìwé náà gan-an, nítorí ó mọ àmì Yorùbá dáadáa, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì gba èèyàn láyè láti fi sínú ìwé láìsan kọ́bọ̀. Ibi yòówù kí ìwé náà dé, fóńtì rẹ̀ bá a lọ. Mi ò tún fẹ́ rí àpótí òfìfo lórí orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Orin ló gba àkókò. Mo wọkọ̀ láti Adó, mo gba Ìlawẹ̀ àti Ìgbàrà-Odò dé Ògòtún, mo bá màmá lórí ẹní. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, “Ọmọ mi, jókòó, bí mi ò bá hun ún, mi ò ní rántí orin.” Bẹ́ẹ̀ ló ń hun tó ń kọrin, tí ewé gbígbẹ ń dún lábẹ́ ohùn rẹ̀, mi ò sì yọ ìró ewé yẹn kúrò. Orin méjìlá náà tó ìṣẹ́jú 36. Bí mo ṣe gbà á sílẹ̀ ní WAV, irú fáìlì ohùn tí wọn ò fún pọ̀, ó wọn nǹkan bíi 190 MB, èyí tí kò ní ṣeé fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ di MP3 onílà kan (mono) ní 64 kbps, ó di bíi 17 MB, ohùn màmá sì mọ́ síbẹ̀. Ẹ rí i dájú pé EPUB 3 lẹ ń ṣe o. Ọdún 2011 ni èyí jáde, òun ló sì gba ohùn àti fídíò láyè. EPUB 2 kò mọ̀ wọ́n.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ mi. Èdè tí wọ́n fi kọ bọ́tìnnì Sigil kì í ṣe Yorùbá, kò sì sí atúmọ̀ èdè Yorùbá lára àwọn tó bá a wá láti yẹ sípẹ́lì wò, nítorí náà ìlà pupa ló gba gbogbo ojú ìwé àfi ìgbà tí mo pa á. Láti ẹ̀dà 1.0, wọ́n ti yọ ojú tí èèyàn fi ń kọ̀wé bó ṣe máa rí gan-an kúrò. Kóòdù lẹ ó máa wò, àfi bí ẹ bá gba PageEdit, ètò mìíràn tó ń jẹ́ kí ẹ kọ ọ́ bó ṣe máa rí, mọ́ ọn. Ó dẹ́rù bà mí fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Bí ẹ bá gbàgbé láti pa àmì kóòdù kan dé, ẹ tẹ F7, yóò tọ́ka sí ibi tí àṣìṣe wà. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ Sigil ni fóònù àwọn òǹkàwé. Ọmọ tó wà l'Ékòó ṣí i lórí ohun ìkàwé kan, ọ̀rọ̀ jáde, orin ò dún. Mo ní kó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú Thorium, ohun ìkàwé mìíràn tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì dún. Láti ọjọ́ náà, abẹ́ orin kọ̀ọ̀kan ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, kí ẹni tí ohùn bá kọ̀ fún má lọ lọ́wọ́ òfo.

Awuyewuye kan wáyé lórí èdè. Màmá ní “ulé”, ó ní “ugi”. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní kí n tún un ṣe sí “ilé” àti “igi”. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní bí ẹni tó ń kà bá gbọ́ “ulé” létí tó sì rí “ilé” lójú, irọ́ la pa mọ́ màmá yẹn. A fi sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Nígbà tí mo gbé e lọ fún màmá láti gbọ́, ó fetí sí i dé orin keje, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ti wúkọ́ níbẹ̀, kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó tún un kọ lójú ẹsẹ̀. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo yọ orin7.mp3 àtijọ́, mo fi tuntun sípò rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kan náà, mo tọ́jú ìwé náà. Mi ò fọwọ́ kan lẹ́tà kan ṣoṣo nínú gbogbo ìyókù.