Amberlyst 15: fructose ni kẹ́ ẹ fún un, ẹ má fún un ní glúkóòsì

Ẹni tó bá fẹ́ sọ fructose (ṣúgà inú èso) di HMF (hydroxymethylfurfural, kẹ́míkà tí wọ́n lè fi ṣe ike), tí kò sì fẹ́ da ásíìdì olómi sínú ìkòkò, Amberlyst 15 ló yẹ kó kọ́kọ́ rà. Hóró róbótó ni kátálíìsì yìí, ìyẹn ohun tó ń mú kí kẹ́míkà tètè yí padà, kò tó mílímítà kan. Ike polystyrene oníhò ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní résìnì, ásíìdì sulfonic ló so mọ́ ọn lára. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ sẹ́ ẹ kúrò, ó tán; ẹ ò ní máa wá sódà tẹ́ ẹ máa fi pa ásíìdì.

Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà, tútù àti gbígbẹ. Omi ló kó ju ìdajì ìwọ̀n èyí tó tutù, omi lẹ sì ń sanwó fún yẹn. Èyí tó burú jù ni pé omi a máa sọ HMF tẹ́ ẹ ti rí di levulinic acid àti formic acid. Èyí tí wọ́n kọ Dry sí lára ni kẹ́ ẹ rà.

Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó lò ó. Ásíìdì tó wà lára gíráàmù kan èyí tó gbẹ kò gbọdọ̀ dín ní 4.7 mílímóòlù. Ẹ wọn 0.5 gíráàmù, ẹ dà á sínú 50 mílílítà omi iyọ̀ NaCl 2 M, ẹ máa rò ó fún wákàtí mélòó kan, kẹ́ ẹ sì sẹ́ ẹ. Ẹ fi phenolphthalein, aró tó ń di píńkì bí ásíìdì bá tán, sínú omi tó jáde, kẹ́ ẹ wá máa kán NaOH 0.1 M sí i. Ó yẹ kó gba nǹkan bíi 23.5 mílílítà kí àwọ̀ píńkì tó dúró. Bó bá dúró ní 15, résìnì yẹn ò pé.

Fún iṣẹ́ kékeré: fructose 3 gíráàmù, DMSO (olómi tí fructose ń yọ́ sí) 30 mílílítà, résìnì 0.3 gíráàmù, 110°C. Láti ìṣẹ́jú 30 ni kẹ́ ẹ ti máa bu díẹ̀ wò. Ẹ lọ résìnì náà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dà á sí i, torí pé omi tí fructose ń tú sílẹ̀ bó ṣe ń di HMF máa ń tètè jáde lára hóró kékeré. HMF inú fructose 3 gíráàmù kò lè ju 2.1 gíráàmù lọ. Ẹni tó bá ní òun rí jù bẹ́ẹ̀, DMSO ló ń wọ̀n mọ́ ọn.

Ẹ má kọjá 120°C. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ásíìdì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára ike, á sì yọ́ sínú DMSO. Láti mọ̀, ẹ sẹ́ résìnì kúrò nígbà tó ṣì gbóná, kẹ́ ẹ jẹ́ kí DMSO tó kù máa gbóná lọ. Bí fructose bá ṣì ń yára dínkù, ásíìdì ti jò. Àmọ́ DMSO nìkan náà lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí bó bá gbóná gan-an, torí náà ẹ se ìkòkò kan tí kò ní résìnì mọ́ ọn.

Ṣúgà tí wọn ò fọ̀ mọ́ tún ń pa á. Potassium àti calcium inú rẹ̀ á gba ààyè ásíìdì. Ìyẹn ṣeé tún ṣe: ẹ rẹ ẹ́ sínú HCl 1 M, ẹ fi omi ṣan án títí ásíìdì ò fi ní sí nínú omi náà mọ́, kẹ́ ẹ gbẹ ẹ́. Ìdọ̀tí dúdú tó ń dí ihò rẹ̀ ló le. Methanol ń fọ díẹ̀ kúrò. Zeolite, kátálíìsì tó dà bí òkúta, lèèyàn lè sun ní 550°C kó mọ́. Tẹ́ ẹ bá sun èyí, ike lẹ dáná sun.

Ẹni tó ń wo ẹ̀gẹ́ lójú, kó mọ̀ pé glúkóòsì ni sítáàṣì rẹ̀ ń dà, Amberlyst 15 nìkan ò sì rí glúkóòsì ṣe. Ṣúgà tí à ń fi mu tíì gan-an, ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ fructose ló máa lọ, glúkóòsì á ṣẹ́kù. Ẹ wá Sn-Beta (zeolite tó ní tánńganran nínú) tàbí hydrotalcite (kátálíìsì líle tó ń pa ásíìdì) tó máa kọ́kọ́ yí glúkóòsì sí fructose. Hydrotalcite ṣeé kó sínú ìkòkò kan náà pẹ̀lú Amberlyst nínú DMF, olómi mìíràn bíi DMSO. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tá ásíìdì ni, líle ni àwọn méjèèjì, wọn ò pa ara wọn.