Jẹ́sì Bọ́ọ̀lù: Aṣọ Tó Dára, Tí Kò Lágbára Kankan

Oríṣi jẹ́sì méjì ni àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá sábà máa ń tà: ti olólùfẹ́, àti irú èyí tí agbábọ́ọ̀lù ń wọ̀ sórí pápá. Ti olólùfẹ́ ni kí ẹ rà. Ó fẹ̀ lára, rírán ni wọ́n sábà máa ń rán ààmì ẹgbẹ́ mọ́ ọn, ó sì ń pẹ́. Èkejì fẹ́lẹ́, ó fún mọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó mú èyí tó fi ìwọ̀n kan ju tirẹ̀ lọ.

Ìgbàgbọ́ asán ló ń tètè ba méjèèjì jẹ́. Ẹgbẹ́ borí, aláṣọ wá pinnu pé òun ò ní fọ̀ ọ́, kí oríire má baà lọ. Polyester, irú okùn ike tí wọ́n sábà fi ń ṣe jẹ́sì, a máa di ọ̀rá ara mú pinpin. Bí àágùn bá ń gbẹ sí i léraléra, òórùn á wọ̀ ọ́, ọrùn rẹ̀ á sì pọ́n.

Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọ̀ ọ́, ẹgbẹ́ yín borí o, wọ́n fìdí rẹmi o. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí omi má ju 30°C lọ. Ẹ má lo bílíìṣì. Omi tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀ pàápàá ò dáa fún un, torí ó máa ń bo okùn aṣọ náà, kò ní jẹ́ kí àágùn gbẹ bó ṣe yẹ. Abẹ́ ibòji ni kí ẹ sá a sí, kí áyọ́ọ̀nù má sì kan nọ́ńbà rẹ̀ rárá. Ooru ló ń mú un bó. Èyí tó bá ti ń rùn, ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ fún 30 ìṣẹ́jú nínú ife fínígà funfun 1 pẹ̀lú ife omi 4.

Fún Kristẹni, ọ̀rọ̀ náà kọjá òórùn. Nínú 1 Sámúẹ́lì 4, lẹ́yìn tí 4,000 ọmọ Ísírẹ́lì ti kú lójú ogun, wọ́n lọ gbé àpótí májẹ̀mú wá láti Ṣílò pé òun ni yóò gbà wọ́n. 30,000 ló tún ṣubú, àwọn Filísínì sì gbé àpótí náà lọ. Bí àpótí Ọlọ́run ò bá ṣe é lò bí oògùn, kí ni aṣọ bọ́ọ̀lù fẹ́ ṣe?

Ẹ fọ jẹ́sì yín lálẹ́ tó ṣáájú àṣekágbá. Bí àyà yín bá já, jẹ́sì náà ti ń di ejò idẹ tí Ọba Hesekáyà fọ́ túútúú torí àwọn èèyàn ń sun tùràrí sí i (2 Àwọn Ọba 18:4). Ẹ fún ẹlòmíràn, kí ẹ sì wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà láìsí i.