Ìwé Àdéhùn àbí Ọ̀rẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́: Èwo Ló Ń Pẹ̀tù Sí Ìjà Orílẹ̀-èdè Méjì?

Ìwé àdéhùn ló máa ń yá jù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Bakassi, ilẹ̀ etí òkun tó wà ní ẹnubodè, dá wàhálà sílẹ̀ láàárín Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, kóòtù àgbáyé dájọ́ ní 2002, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ní Greentree, l'Amẹ́ríkà, ní 2006, Nàìjíríà sì kó kúrò pátápátá ní 2008. Ogun ńlá ò bẹ́, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ò sọ àwa àtàwọn ará Kamẹrúùnù di ojúlùmọ̀.

Faransé àti Jámánì ti bára wọn jagun ní 1870, 1914 àti 1939. Ní 1963, de Gaulle, ààrẹ Faransé, àti Adenauer, olórí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Jámánì, fọwọ́ sí àdéhùn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Élysée. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ọmọ Faransé á lọ gbé nílé ará Jámánì, á jẹ oúnjẹ wọn, á fi èdè wọn tọrọ omi. Tiwọn náà á wá. Ó ń náni lówó, ó sì ń pẹ́ kó tó so èso. Síbẹ̀, òun ni mo fara mọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìwé ló ṣílẹ̀kùn fún un.

A mọ adùn rẹ̀ l'Ákùúrẹ́. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ní 1973, ni ètò àgùnbánirọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọmọ Tiv tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò l'Ókè-Àró, tó ń kúnlẹ̀ kí ìyá onílé rẹ̀ láràárọ̀! Kí ọmọ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Ákùúrẹ́, náà lọ lo sáà kan ní Yaoundé, olú-ìlú Kamẹrúùnù, kí tibẹ̀ wá lo sáà kan lọ́dọ̀ wa.