Láti Àbújá sí Ìbàdàn: bàálù tó ń lọ tààrà, tàbí jẹ́ẹ̀tì ńlá tó gba Èkó?

Ẹni tó ń gbé Kúbwà tàbí Gwarimpa, tó fẹ́ dé Ìbàdàn láìgba ọ̀nà Lọ́kọ́ja, ohun méjì ló lè ṣe. Ó lè wọ bàálù ilé-iṣẹ́ Overland tó ń lọ tààrà, tàbí kí ó wọ jẹ́ẹ̀tì ńlá lọ sí Ìkẹjà, kí ó wá fi mọ́tò tàbí rélùwéè parí ìrìnàjò náà. Mo ti ṣe méjèèjì lọ́pọ̀ ìgbà, owó àpò mi ni mo sì fi ṣe é. N kò ní sọ̀rọ̀ nípa ìpápánu inú bàálù, nítorí n kò tíì rí ẹni tó tìtorí rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Overland kì í ṣe ọmọ àná. Captain Edward Boyo, tí í ṣe awakọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2002, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọdún 2003. Àwọn ìlú tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ yà sí ló gbájú mọ́: Ìlọrin, Ìbàdàn, Jalingo. ATR ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù, bàálù alábẹ̀bẹ̀ tí àwọn ará Faransé àti Ítálì pawọ́ pọ̀ ṣe, tí kò nílò ojú ọ̀nà gígùn kí ó tó gbéra, tí kì í sì í mu epo tó jẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2023 ni Embraer 175 rẹ̀ àkọ́kọ́ dé, jẹ́ẹ̀tì oníjòkòó 88.

Jẹ́ẹ̀tì yára ju ATR lọ, ṣùgbọ́n ní ọ̀nà kúkúrú bí èyí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà. Abẹ̀bẹ̀ ATR máa ń pariwo. Ẹ má jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àjà ẹrù rẹ̀ kéré, nítorí náà ẹni tó di aṣọ òkè sínú àpótí líle, kí ó fà á lé wọn lọ́wọ́ níbi ìwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ ìdádúró ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ìkómọjáde ọmọ àbúrò mi ni mò ń lọ nígbà kan, aago 8 àárọ̀ Sátidé ni wọ́n dá, mo sì ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó ti aago 2 ọ̀sán Jímọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Bàálù kan náà ni wọ́n ti ń fi sáré kiri láti òwúrọ̀. Bó bá sì ti pẹ́ ní ìlú àkọ́kọ́, àwọn èrò ìlú kẹrin ni yóò san gbèsè náà. Òfin NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, ní kí wọ́n fún èrò ní ìpápánu bí ìdádúró bá kọjá wákàtí 1, kí èrò sì lè gba owó rẹ̀ padà bó bá kọjá wákàtí 2. Míìtì-róòlù tútù kan àti omi inú ike ni mo rí gbà. Bí mo bá sì gba owó padà, kí ni n óò fi rìn? Tíkẹ́ẹ̀tì tó kù níwájú káńtà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Aago 9 alẹ́ kọjá kí a tó balẹ̀ sí Ìkẹjà, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbé mi gba ọ̀nà Ìbàdàn lóru. Owó hòtẹ́ẹ̀lì àti ti tasí òwúrọ̀ ju ìdajì owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n ti fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, àwo iyọ̀ nìkan ló ṣì wà lórí tábìlì.

Bàálù tààrà náà ń pẹ́, n kò ní parọ́. Kì í fò lemọ́lemọ́, bí wọ́n bá sì fagi lé e nígbà ọyẹ́, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ bí ti Èkó. Ṣùgbọ́n bó bá balẹ̀, Aláàkíà, níbi tí pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn wà, ló balẹ̀ sí, kí èrò tó jáde sí Ìwó Road kò gba àkókò.

Ẹni tó ní iṣẹ́ ní Èkó tẹ́lẹ̀, kí ó wọ jẹ́ẹ̀tì ńlá. Ó wà lọ́pọ̀ yanturu, owó rẹ̀ sì lè rọjú. Ẹni tí Ìbàdàn nìkan gbé dìde, kí ó fi owó méjèèjì wéra, kí ó ro ti mọ́tò mọ́ ti Èkó, kí ó sì fi ọjọ́ kan ṣáájú ayẹyẹ rẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ, Aláàkíà sì ni mo ti ń wo tíkẹ́ẹ̀tì báyìí.