Gééjì ọ́ìlì tó ń ka 100 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú

Ohun tó mú mi kọ èyí kò ju gbólóhùn kan tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra gééjì fi dá mi lóhùn lórí fóònù: "Mọ́mì, ẹ ò mọ̀ ọ́n kà ni." Èmi tí mo ti ń ta ẹja yìnyín lẹ́bàá ọjà Òkè-Àje ní Ìjẹ̀bú-Òde láti 2004, tí mo máa ń ti orí ibùsùn gbọ́ ọ bí jẹ́ń mi bá fẹ́ ṣàìsàn!

Gééjì prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì ni mo rà, èyí tó ń gbé nọ́ńbà jáde lójú, tó sì ní fèrè tó ń ké bí prẹ́ṣọ̀ bá já wálẹ̀ ju iye tí èèyàn yàn fún un. Jẹ́ń dísù mi ti ní iná pupa tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ swíìṣì iná yẹn kì í ta pútú àfi bí prẹ́ṣọ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Kó tó tàn, ẹ́ńjìnnì ti ń jẹ ara rẹ̀. Ọ̀kan ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ kejì Iléyá ni ọmọ náà wá so ó. Ojúde Ọba di ọ̀la, kòtẹ̀ àti titus kún yàrá yìnyín dé òrùlé, iná ìjọba ò sì sí. Mo yìn ín pé ó fi ẹran ọdún sílẹ̀ wá. Ó so ó tán, ó ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tíì tan ẹ́ńjìnnì, gééjì ka 100. Ó ní, "Ẹ wò ó, Mọ́mì, prẹ́ṣọ̀ yín lágbára gan-an." Ó gbowó, ó lọ.

Mo tan jẹ́ń. 100 já sí 18, fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ìgbà tí olè wọlé. Mo pa á, ó padà sí 100. Mo tún un tàn, 18. Ìgbà kẹrin tí mo pè é ló tó gbé fóònù.

"Bọ̀ọ̀dá, nọ́ńbà yìí ń wálẹ̀ o."

"Mọ́mì, ẹ ò mọ̀ ọ́n kà ni. Bí ọ́ìlì bá ti ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà á máa wálẹ̀."

"Kí wá ni fèrè ń ké fún?"

"Ẹ yọ wáyà fèrè."

Mo gé fóònù. Mi ò jẹ́ tan ẹ́ńjìnnì mọ́ láti aago méjì ọ̀sán títí di mẹ́fà. Omi ẹja pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ń ti abẹ́ ilẹ̀kùn ṣàn jáde, ológbò aládùúgbò ti jókòó tì í, ó ń retí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kó mi yọ. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tún bàlúù kéékèèké ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ bàlúù ní Zaria, wọ́n wá jẹ ìkọ́kọrẹ́ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Wọn ò tilẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Ṣé ẹ́ńjìnnì yìí ti kú?"

"Ó ti kú, sà."

"Gééjì ń ka mélòó?"

"100."

"Òkú wo ló ń ní prẹ́ṣọ̀?"

Wọ́n ní nínú Cessna 172, bàlúù kékeré kan, kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì rárá, wọ́n á ti wò ó pé gééjì ọ́ìlì wà ní òdo. Tí wọ́n bá tàn án tí kò gòkè láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, pípa ni. Àwọ̀ ewé rẹ̀, ìyẹn ibi tó dára kó wà, wà láti 50 sí 90 psi (psi ni ìwọ̀n prẹ́ṣọ̀), ìlà pupa wà ní 20 àti 115, iná ìkìlọ̀ sì ń tàn bó bá ti dín sí 20. Wọ́n ní kí n má sì rò pé nọ́ńbà kan náà ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà nígbà gbogbo: bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ nílẹ̀, 30 kò burú, àmọ́ 30 lójú òfurufú, ẹ tètè máa wá ibi tí ẹ ó balẹ̀ sí.

Wọ́n fi mítà díwọ̀n sẹ́ńsọ̀, ohun tí ọmọ náà so mọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń sọ prẹ́ṣọ̀ fún gééjì. 10 ohm, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìwé gééjì ní 240 ni òdo tirẹ̀, á sì máa wálẹ̀ sí 33 bí prẹ́ṣọ̀ bá ń gòkè. Ti sẹ́ńsọ̀, láti 10 ló ti ń gòkè lọ sí 180, ìdí nìyẹn tí gééjì fi ka òdo rẹ̀ sí 100. Páálí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti mú méjèèjì! Wọ́n dá swíìṣì àtijọ́ padà, iná pupa kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, jẹ́ń ń lọ. Páálí titus méjì ti rọ̀, mo tà wọ́n lọ́pọ̀.

Ọ̀gá ọmọ ṣọ́ọ̀bù náà, obìnrin, fúnra rẹ̀ ló gbé sẹ́ńsọ̀ tó tọ́ wá lọ́jọ́ kẹta, kò gba kọ́bọ̀. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. Inú mi rọ̀ díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó yan fèrè. Àárọ̀ tútù, 72. Ọ̀sán gangan, tí ẹrù wà lórí rẹ̀, 50, nígbà mìíràn 48. Ibi tí wọ́n gbé fèrè sí láti ilé iṣẹ́ lọ sílẹ̀ jìnnà sí èyí. A gbé e sí 35. Wọ́n ní bí mo bá gbé e sí 46, yóò máa ké lásán títí èmi náà á fi yọ wáyà rẹ̀, bọ́mọ ṣọ́ọ̀bù ti wí.

Lóṣù tó kọjá, aago méjì òru, nínú òjò, fèrè ké. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó: 48, 33, 47, 31. Mo pa á. Nígbà tí mo fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ, ìmú rẹ̀ nìkan ló lọ́ràá. Fílítà tí mákáníìkì pààrọ̀ lọ́jọ́ Túsìdé ni kò dè dáadáa, ọ́ìlì ti ṣàn sábẹ́ jẹ́ń. Iná pupa? Kò tàn rárá. A dè é, a da lítà mẹ́ta sí i, ó padà sí 49. Mo jókòó sórí kéèsì ẹja, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n.

Ojú gééjì náà kì í hàn nínú oòrùn, bọ́tìnnì rẹ̀ sì le bí eyín.

Máàkì: 2 nínú 5. Ọkọ mi ní kí n fi kún un, mo ní rárá.

Lánàá ni mo lọ ra èkejì fún jẹ́ń kékeré, ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Mo ní kí ọmọ náà tú páálí méjèèjì lójú mi, kó sì ka nọ́ńbà ara sẹ́ńsọ̀ sókè kí n gbọ́.