Pẹpẹ oníhò ìkọ̀kọ̀, àpótí irin tàbí séèfù ńlá: èwo ni kí ẹ rà fún ìbọn inú ilé?

Ẹ̀yin ará wa ní Texas àti Maryland tí ẹ ti ra ìbọn lọ́nà òfin, tí ẹ wá ń wá ohun tí ẹ máa fi gbé e kúrò lójú àlejò, ọjà mẹ́ta ni ẹ máa rí jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. "Ààbò" ni àwọn olùtajà ń pe gbogbo wọn. Iṣẹ́ wọn kò dọ́gba rárá.

Pẹpẹ oníhò ìkọ̀kọ̀ ló rẹwà jù. Ẹ kàn án mọ́ ògiri pálọ̀, ẹ to fọ́tò ìgbéyàwó sórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ìbọn wà nínú rẹ̀. Òòfà, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n sábà fi ń ṣí i. Ìṣòro rẹ̀ nìyẹn: òòfà mìíràn tó lágbára lè ṣí i, olè tó bá sì fura lè fà á ya, torí igi ni. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọmọ tó ti mọ gbogbo ibi tí ìyá rẹ̀ ń kó bisikíìtì pamọ́ sí, pẹpẹ wo ló máa tàn án? Ní Texas, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá rí ìbọn tó lọ́ta nínú mú nítorí àìbìkítà yín, ẹ̀sùn ni. Bó bá yìn ín, tó pa èèyàn tàbí tó ṣe é léṣe gan-an, ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún kan, owó ìtanràn sì lè tó 4,000 dọ́là. Ní Maryland, ọmọ tí kò tíì pé 18 ni òfin tiwọn ń sọ.

Àpótí irin kékeré, tí ìbọn kékeré kan tàbí méjì lè wọ̀, ni mo fara mọ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣí i. Ti ìtẹ̀ka ló ń dùn ún tà, síbẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àjọ CPSC tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà kéde pé kí wọ́n kó nǹkan bí 61,000 irú rẹ̀ kúrò lọ́jà, lẹ́yìn ikú ọmọ ọdún 12 kan. Bí ìforúkọsílẹ̀ ìka kò bá wọlé dáadáa, ìka ẹnikẹ́ni lè ṣí i. Bí ẹ bá ti ra irú ẹ̀ náà, ẹ fi ìka ẹlòmíràn dán an wò kí ẹ tó gbé ìbọn sí i. Oníbọ́tìnnì tí kò lo bátìrì ló dára jù, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀. Ẹ fi bóòtì dè é mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, olè á gbé ìbọn lọ tòun tàpótí.

Séèfù ńlá wà fún oníbọn gígùn. Ẹ wá àmì RSC (àpótí ààbò inú ilé) ti UL, ilé iṣẹ́ tó ń dán ọjà wò, lára rẹ̀: ó túmọ̀ sí pé wọ́n fi irinṣẹ́ ọwọ́ gbìyànjú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kò ṣí. Ó wúwo, ayálégbé sì gbọ́dọ̀ bá onílé sọ ọ́ kó tó lu ihò sí ilẹ̀ láti dè é. Ní Houston, ẹ fi ohun tó ń fa ọ̀rinrin sínú rẹ̀, kí ìbọn má baà dípẹtà.

Bí owó kò bá tíì sí fún èyíkéyìí, Project ChildSafe, ètò kan fún ààbò ìbọn, ń pín àgádágodo oníwáyà lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ ọ̀pọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ béèrè ní àdúgbò yín.